Má Kọ "Kò Sí" Sínú Káàdì Ọmọ Rẹ

Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ́ pé "mo lérò pé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí yóò bá yín", ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo fa ìwé ya, torí irọ́ ni, n kò lérò bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ni n kò ti jókòó jẹun mọ́. Ìyá rẹ ní kí n yéé rìn yíká yàrá bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ọmọ rẹ. Inú sì ń bí mi. Inú ń bí mi sí ọ, inú ń bí mi sí ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí mi sí jù ni èmi tí mo mú bírò dání yìí.

Ó dáa. Mo kí yín. Ìyá rẹ kí yín, Níkẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ kí yín, onílé wa ní Ìsọlọ̀ níbí kí yín, àwọn tá a jọ wà ní ọ́fíìsì ẹrù ní rélùwéè Òṣòdì náà ní kí n kí ìwọ Ìyá Ayọ̀. Mo ti kí yín tán. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Ojú ewé mẹ́rin ni lẹ́tà rẹ. Mo kà á títí, ìyá rẹ náà gbà á kà. Nínú ojú ewé mẹ́rin, o fi mẹ́ta àti ààbọ̀ ròyìn ilé tí iléeṣẹ́ Wálé ọkọ rẹ fún yín ní Kàdúná, àga onítìmùtìmù, tẹlifíṣàn tó ní ilẹ̀kùn bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ tí o bí, ọmọ ọ̀sẹ̀ méje, ìlà mélòó kan ló kàn án, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni tó rántí iyọ̀ nígbà tí ọbẹ̀ ti jinná. Jẹ́ kí n da ọ̀rọ̀ rẹ kọ fún ọ, bóyá o ti gbàgbé ohun tí o kọ:

"Ayọ̀ ń ṣe dáadáa, àfi pé tó bá ń mu ọmú, ó máa ń làágùn, á sinmi, á mí hẹlẹhẹlẹ, á tún mu díẹ̀. Wálé ní ooru ilé ni, torí a máa ń ti fèrèsé nítorí ọyẹ́, ó ti ra fáànù. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ọmọ kankan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdílé wa, tàbí pé ọmọ kankan kú. Mo ní kò sí, ó sì kọ 'kò sí' sínú káàdì. Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́ wa pé a kì í ka ọmọ. N kì í pọ̀n ọ́n o, apá ni mo fi ń gbé e. Ẹ̀yin náà mọ ìdí."

Fáànù! Ta ló ń ra fáànù nígbà ọyẹ́? Ọkùnrin tó lè tú ẹ̀rọ palẹ̀ kó tún tò ó padà láìṣẹ́ nọ́ọ̀tì kan kù ló rí ọmọ tó ń làágùn lórí ọmú, tó ní fáànù ni yóò wò ó sàn. Bá mi kí i. Sọ fún un pé àna rẹ̀ ní fáànù kì í wo àìsàn.

Ìwọ náà ńkọ́? Olùkọ́ ni ọ́. Ṣé bí ọmọ iléèwé rẹ bá fi ìdáhùn tó mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́ sí ìwé ìdánwò, o kò ní fà á ní ìlà pupa? Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa ní kò sí?

Èmi ni. Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn. Gbé ọmọ fún ọkọ rẹ kí o jókòó.

Lẹ́yìn rẹ, kí a tó bí Dàpọ̀ àbúrò rẹ, a bí ọmọbìnrin kan. Bánkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́, o kò lè rántí. Òṣogbo la wà nígbà náà, ibẹ̀ ni rélùwéè kọ́kọ́ gbé mi sí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Bánkẹ́. Gbogbo ilé ló ń yìn ín pé, "Ọmọ yìí mà mọ̀wà á hù o, kì í ké!" Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi ara rẹ̀ bóyá kò ní agbára àtiké ni. Tó bá mu ọmú díẹ̀, òógùn á yọ níwájú orí rẹ̀, á máa mí bí ẹni tó ru igi gun òkè. Ìyá mi ní, "Ọmọ tó bá mọ oúnjẹ jẹ ní í làágùn nídìí rẹ̀." A rẹ́rìn-ín. Ó wọ oṣù kẹta, ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò jí.

Àwọn àgbà gbé e lọ. Bí àṣà wa ṣe rí, wọn kò jẹ́ kí èmi àti ìyá rẹ mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ àti ẹní rẹ̀ kúrò nílé. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n ní kí ìyá rẹ nu ojú rẹ̀ nù, kó má baà sunkún lé èyí tó ń bọ̀ lórí. Wọ́n sì ní a kò gbọdọ̀ kà á mọ́ ọmọ tí a bí. Mo gbà. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, èsì mi kò ju "Ọlọ́run ló mọ iye wọn." Ọ̀rọ̀ tó dára ni láti fi dá aládùúgbò lóhùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá nọ́ọ̀sì lóhùn.

Ó kan Káyọ̀dé. Èyí, ìwọ mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, o wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ìyá rẹ ti rò pé òun ti bímọ tán. Ìgbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun gbogbo èèyàn ni. Ní ọ́fíìsì wa, fíríjì ga dé àjà, rédíò, àwo, bẹ́ẹ̀dì onírin, gbogbo ọmọ Èkó ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé kí ará ilé lè mọ̀ pé òun wà láyé. Káyọ̀dé pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo bá ìyá rẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ọmọdé, kì í ṣe torí nǹkan kan, torí pé mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé bàbá ọmọ yìí mọ̀wé. Nọ́ọ̀sì na káàdì sí mi.

"Bàbá, ọmọ mélòó lẹ ti bí ṣáájú eléyìí?"

"Ọlọ́run ló mọ iye wọn."

"Ọlọ́run kọ́ ló ń kọ káàdì, bàbá. Ṣé ìkankan kú nínú wọn?"

Ìyá rẹ la ẹnu. Mo rí i. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọ̀kan wà tó..." Mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bàtà tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, Àbẹ̀kẹ́, èyí tí ìdí rẹ̀ le yẹn. Mo ní, "Kò sí èyí tó kú." Mo gba bírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo fi ọwọ́ ara mi kọ "kò sí", ìkọ̀wé mi sì dán débi pé nọ́ọ̀sì yìn ín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni obìnrin kan gbé páálí wá sọ́dọ̀ wa tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Mo ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀, Ìyá?" Ó ní ẹrù lásán ni. Mo ní ẹrù lásán kì í dún wọ̀ǹjàwọ̀ǹjà. Ó wo ọ̀tún wo òsì, ẹ̀rù olè ń bà á, ó ní, "Ẹ kọ aṣọ." Mo kọ aṣọ. Àwọn tó ń to ẹrù rí "aṣọ" lórí ìwé, wọ́n to àpótí ìṣó lé e lórí. Nígbà tí yóò fi dé Ìlọrin, àwo tó wà nínú rẹ̀ ti di àfọ́kù. Obìnrin náà padà wá, ó fẹ́ fi ohùn fọ́ ọ́fíìsì. Mo dá a lóhùn pé, "Ìyá, ohun tí ẹ fi pamọ́ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá yín ṣọ́ ọ?" Inú mi dùn sí ọgbọ́n tó ti ẹnu mi jáde. Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ nídìí oúnjẹ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kó àwo oúnjẹ kúrò níwájú mi. Ọgbọ́n mi gba Òṣòdì kan, kò dé Ìsọlọ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọ̀já.

O gba họlidé wálé nígbà tí Káyọ̀dé pé oṣù márùn-ún. O pọ̀n ọ́n lọ sí ọjà Bọ́ládé lọ ra òwú fún ìyá rẹ, òòrùn mú, ọmọ ké lọ́nà. Nígbà tí ẹ fi máa dé, ètè rẹ̀ ti dúdú bí ẹni tó lá aró. Ìyá mi fò dìde lórí àpótí, ó pariwo mọ́ ọ: "O di ọ̀já mọ́ ọmọ láyà! Ṣé o fẹ́ fún un pa ni, ìwọ ọmọ yìí?" O kò lè tú ìdí ọ̀já náà, ìyá rẹ ló bá ọ tú u. Èmi ńkọ́? Mo wà lórí àga, mo gbé ìwé ìròyìn sójú. Mo mọ̀ pé ó ti ń làágùn lórí ọmú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bíi ti Bánkẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò pọ̀n. Mo ṣí ojú ewé kejì.

O padà sílé ìwé, a gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní sùúrù, fi rọ́bà etí rẹ̀ gbọ́ àyà Káyọ̀dé, ó pẹ́ lórí rẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ó ní ihò wà nínú ọkàn ọmọ yín, ọkàn yìí gan-an tó ń lù, láti inú oyún ló ti wà níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé ọmọ yín kankan ti ṣe báyìí rí?" Lọ́jọ́ yẹn, kò sí tábìlì láàárín wa, n kò rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ tẹ̀. Ó ní, "Bánkẹ́ ni. Bánkẹ́ lorúkọ rẹ̀, dókítà. Oṣù mẹ́ta ló lò."

Dókítà wo káàdì. Ó ní, "Ta ló kọ èyí?"

Mo ní èmi ni.

Kò bú mi. Ì bá bú mi. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń rìn nínú ìdílé. Ṣùgbọ́n ká ní a mọ̀ ni, láti ọ̀sẹ̀ kẹfà là bá ti tẹ́tí sí àyà rẹ̀ dáadáa. À bá ti máa fún un ní oògùn, à bá sì ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀ nípa ọkàn ní Ìbàdàn nígbà tó ṣì sanra díẹ̀." Ó kọ ìwé Ìbàdàn fún wa. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa kò tíì pé tí òtútù àyà fi kọlu ọmọ, kò sì ní agbára tí yóò fi bá a jà. Oṣù méje ló lò láyé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí fìlà mi nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.

N kò mọ̀ bóyá ì bá yè, Àbẹ̀kẹ́. Dókítà náà kò sọ pé ì bá yè. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn: mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é tí n kò fi ní mọ̀ láé.

A kọ̀wé sí ọ pé òtútù ló pa Káyọ̀dé. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ìdajì ọ̀rọ̀. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé yìí, ìyá rẹ ka ìlà yẹn sókè: "Ẹ̀yin náà mọ ìdí." Ó ní, "Ìdí wo nìyẹn, Bàbá Ṣadé?" Mo ní n kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọ lójú mi tí o kò lè tú ọ̀já.

Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi báyìí. Ó ní, "Ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún un?" Mo ní mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti ń bọ̀ níbẹ̀ láti ogún ọdún."

Ó dáa. Kì í ṣe ọ̀já rẹ. Ọ̀já rẹ kọ́. Ihò ti wà nínú ọkàn Káyọ̀dé kí o tó fojú kàn án, bí o gbé e lápá bí o gbé e lórí, ètè rẹ̀ yóò dúdú tó bá ké. Ìyá mi kò mọ̀, ó sì ti sùn, n kò ní bú u. Èmi mọ̀, mo dákẹ́. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní tèmi, tara mi nìkan kọ́, tìrẹ náà bá a dákẹ́, o sì gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tìrẹ rìn fún ọdún mẹ́ta. Jọ̀ọ́, foríjì mí tó bá yá. Kò di dandan kó jẹ́ lónìí.

Ìmọ̀ràn ló kù. Fetí sílẹ̀, má sì ní bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀.

Èkíní. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn. Má dúró di ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ. Sọ pé o wá tún káàdì ṣe. Bí ó bá pòṣé sí ọ, jẹ́ kó pòṣé. Ní kí dókítà gbọ́ àyà Ayọ̀, kó gbọ́ ọ pẹ́, bó bá sì sáré gbọ́ ọ, sọ pé bàbá rẹ ní kó tún un gbọ́.

Èkejì. Mo gbọ́ pé ìyá Wálé ń bọ̀ wá wo ọmọ. Obìnrin rere ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ó gbé ọmọ lé itan kó máa rọ ọ́ ní àgbo tàbí ẹ̀kọ. Ọmọ tó ń wá èémí kiri, a kì í dí i nímú kó lè gbé nǹkan mì. Bó bá bínú, ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí ara ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ti yá, inú rẹ̀ á rọ̀.

Bó bá rẹ ọmọ lórí ọmú, jẹ́ kó sinmi, kí o tún fún un. Díẹ̀díẹ̀, léraléra. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìn ín fún ọ pé kì í ké. Ṣọ́ èyí tí wọ́n bá ń yìn.

Wálé ńkọ́? Má bá a jà nítorí fáànù. Mú un dání lọ, kí òun náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ. Ọkùnrin tó bá jókòó sílé, ìwé ìròyìn ni yóò máa kà.

Èkẹrin, àbí ìkarùn-ún, n kò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Bó bá já sí pé kò sí nǹkan kan, pé òtútù imú lásán ni, kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín ní Kàdúná títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Èmi ni n ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bó bá já sí òmíràn, ìyá rẹ ti di báàgì rẹ̀, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí wọ́n bá ní Ìbàdàn, yóò pàdé yín ní Ìbàdàn. Bí o bá sì ń sunkún, sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyá rẹ kò rí ààyè sunkún Bánkẹ́ títí di ọjọ́ tó sunkún Káyọ̀dé, ó sì sun méjèèjì pọ̀, mo gbọ́ orúkọ méjèèjì.

Wàyí o, kọ ohun tí n ó sọ yìí sílẹ̀, tàbí kí o gé ìsàlẹ̀ ìwé yìí fún nọ́ọ̀sì, ìkọ̀wé mi ṣì dán.

Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Fọláṣadé, ìwọ Àbẹ̀kẹ́ mi. Bánkẹ́. Dàpọ̀. Ṣẹ́gun. Níkẹ̀ẹ́. Káyọ̀dé. Mẹ́rin wà láàyè. Méjì kú ní kékeré, àwọn méjèèjì ń làágùn lórí ọmú, àwọn méjèèjì ń mí hẹlẹhẹlẹ, a sì rí i dájú pé ihò wà nínú ọkàn ìkejì.

Mo ti kà wọ́n. Ilé kò wó. Ìyá rẹ ka orúkọ wọn láti ẹ̀yìn mi, ó ní mo tò wọ́n bó ṣe yẹ.

Gáàdì rélùwéè kan tí mo mọ̀ ló mú lẹ́tà yìí wá fún ọ, torí n kò gbára lé ilé ìfìwéránṣẹ́ fún irú èyí. Ó ń padà bọ̀ sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì. Nítorí náà, pọn ọmọ rẹ. Gbé e sẹ́yìn rẹ níbi tó yẹ kó wà, di ọ̀já rẹ le dáadáa, kí ẹ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tí ẹ bá ti dé, kọ̀wé kí o fi rán gáàdì yẹn kó tó gbéra. Má kọ nǹkan kan nípa tẹlifíṣàn. Ìlà mẹ́rin tó mi, bí gbogbo rẹ̀ bá ti jẹ́ ti Ayọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.